M̀bá Rí, M̀bá Yọ̀, M̀bá Ṣe: Àgbéyẹ̀wò Bí Iṣẹ́ Ọnà Ẹlòmíràn Ṣe Ń Jí Àtinúdá Ẹni

Ní ọdún 1962, Dúró Ládiípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ ní Òṣogbo di gbàgede eré àti iṣẹ́ ọnà. Orúkọ ẹgbẹ́ Mbari, tó ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún tó ṣáájú, ni wọ́n mú fún un. Ìgbò ló ni ọ̀rọ̀ náà: ilé amọ̀ ni mbari, tí wọ́n máa ń mọ ère kún láti fi bọlá fún òòṣà. Etí Yorùbá ni àwọn ará Òṣogbo fi gbọ́ ọ ní tiwọn. Wọ́n ní "M̀bá rí, m̀bá yọ̀": ká ní mo rí i ni, inú mi ì bá dùn. Bí ilé náà ṣe di Mbari Mbayo nìyẹn.

Orúkọ náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó fi nǹkan kan sílẹ̀. Ó dárúkọ rírí, ó dárúkọ yíyọ̀, kò dárúkọ ṣíṣe. Bẹ́ẹ̀, ṣíṣe ló mú kí ayé máa sọ̀rọ̀ ilé náà títí dòní. Láàárín 1962 sí 1964, àwọn tí wọn ò wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan rí mú búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́.

Báwo ni ẹni tó wo iṣẹ́ ọnà ẹlòmíràn ṣe ń ti ibẹ̀ bọ́ sí tirẹ̀? Kí ló wà láàárín ojú tó rí àti ọwọ́ tó ṣe? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ìdáhùn sí ìbéèrè yìí náà kò sì jẹ́ ọ̀kan. Márùn-ún la ó yẹ̀ wò níbí. Léraléra la ó máa padà sí Òṣogbo, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èrò náà ló lè fi Òṣogbo ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀.

Ìwúrí méjì ló wà

Ó yẹ ká kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ní 2003, Todd Thrash àti Andrew Elliot, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú òun ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí jáde lórí ìwúrí. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ní a fi ń dá a mọ̀. Èèyàn kì í fi ipá pè é, òun ló ń wá bá èèyàn. Ó máa ń ṣí ojú ẹni sí ohun tó ga ju èyí tí à ń rí lójoojúmọ́. Ó sì máa ń ti èèyàn láti ṣe nǹkan. Wọ́n tún fi hàn pé kí nǹkan wú ni lórí yàtọ̀ sí kí orí ẹni wú láti ṣe nǹkan. Ẹni tó dúró níwájú ère, tó kan sáárá sí agbẹ́gilére, ti ní ti àkọ́kọ́. Ẹni tó délé tó wá igi àti ọ̀bẹ ló ní ti kejì. Ọ̀pọ̀ ni kì í kọjá ti àkọ́kọ́, kò sì sí àbùkù níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọnà kò lè ṣe kó má ní òǹwòran. Àmọ́ ti kejì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀. Àtinúdá ni ohun tí a ti inú dá. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ ti gbà pé inú ni orísun rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ọ̀dọ̀ oníṣọ̀nà, kíkọ́ là ń kọ́ iṣẹ́, ọwọ́ ọ̀gá la sì ń wò. Láàárín inú àti ẹ̀kọ́ yìí ni àwọn èrò náà ti pínyà.

Èrò kìíní: ó ti wà nínú ẹni tẹ́lẹ̀

Àwọn tó di èrò yìí mú gbà pé iṣẹ́ ọnà kì í gbin nǹkan tuntun sínú ẹnikẹ́ni, pé ìlẹ̀kùn tó ti wà níbẹ̀ ló ń ṣí. Èrò àtijọ́ ni. Plato, onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìkì, fi í wé irin òòfà nínú ìwé rẹ̀ tí à ń pè ní Ion. Òòfà fa òrùka irin kan, òrùka yẹn náà fa òmíràn, títí tí wọ́n fi so kọ́ ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni agbára tó mú akéwì ṣe ń kọjá sí ara ẹni tó ń ké ewì náà, tó sì ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbọ́. Nínú àlàyé yìí, kò sí ẹni tó kọ́ ẹnì kan ní nǹkan. Yorùbá tó bá ní iṣẹ́ tí orí rán òun lòun ń jẹ́ kò jìnnà sí i.

Ní Òṣogbo, èrò yìí ni Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó dé Nàìjíríà ní 1950, àti Georgina Beier fi ṣiṣẹ́. Denis Williams, ọmọ Guyana, ló darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti 1962 àti ti 1963. Georgina darí ti 1964. Kò sí èyí tó gùn nínú wọn. Georgina pèsè ọ̀dà àti ohun tí wọn yóò kùn ún sí, kò gbé àwòkọ síwájú wọn. Ó ń wo ìgbà tí nǹkan kan tó jẹ́ ti ẹni náà gan-an bá yọjú, kó sọ pé kó máa bá èyíinì lọ.

Ohun tó gbe èrò yìí lẹ́sẹ̀ ni pé àwọn tó jáde níbẹ̀ kò jọra. Iṣẹ́ Twins Seven Seven kún fọ́fọ́ fún iwin àti ẹranko, ìlà wọnú ìlà débi pé àyè kò ṣẹ́kù. Ojú èèyàn àti ilé tó dákẹ́ ló pọ̀ nínú ti Mùráínà Oyèlámì. Yàrá kan náà, olùkọ́ kan náà, ìwọ̀nba ọjọ́ kan náà. Bó bá jẹ́ pé olùkọ́ ló fún wọn, iṣẹ́ wọn ì bá jọra.

Àléébù rẹ̀ jẹ́ méjì. Àkọ́kọ́, inú tí wọ́n ní ó ṣí kò ṣófo tẹ́lẹ̀. Òṣèré ni Rufus Ògúndélé àti Jacob Afọlábí nínú ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀. Oyèlámì ń ṣeré, ó ń lùlù. Oníjó ni Twins Seven Seven. Jímọ̀ Buráímọ̀ ló ń tọ́jú iná orí ìtàgé. Wọ́n ti wà nínú aṣọ, ìlù, oríkì àti ọdún ìbílẹ̀ kí wọ́n tó di búrọ́ọ̀ṣì mú. Ìkejì, àwọn tó ṣe é yọrí nìkan là ń kà. Ẹni tó wọlé, tó kùn ún lẹ́ẹ̀kan, tó sì bá tirẹ̀ lọ kò sí nínú ìwé. Ìtàn tó jẹ́ ti àwọn tó borí nìkan kò lè fi hàn pé gbogbo èèyàn ló ní in nínú.

Èrò kejì: ọwọ́ ló ń kọ́ ojú

Èrò yìí dojú ti àkọ́kọ́ délẹ̀. Ó ní àfarawé ni ìpìlẹ̀, pé ẹni tí kò tíì ṣe irú ti ẹlòmíràn kò lè mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Àìná Ọnàbólú, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, ń ya àwòrán inú ìwé àwọn òyìnbó bó ṣe rí i nígbà tí kò sí olùkọ́ àwòrán kankan nítòsí. Ọdún pọ̀ kó tó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 láti kàwé lórí rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti inú àwòkọ yìí ni à ń pè ní bàbá àwòrán kíkùn ìgbàlódé ní Nàìjíríà lónìí.

Ilé agbẹ́gilére ni èrò yìí ti ṣe kedere jù. Ìpele ni iṣẹ́ ère: ọnà lílé, níbi tí ààké ti ń ya orí, ara àti ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ lára igi, alétúnlé, tó ń mú ojú àti apá jáde, dídán, tí wọ́n fi ọ̀bẹ àti ṣíṣẹ́lì tẹ́ ara rẹ̀, àti fínfín, tó jẹ́ ti irun orí, ilà ojú àti batànì aṣọ. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ọnà lílé, nítorí bí ààké bá ṣìnà níbẹ̀, igi ti bàjẹ́. Ère tí ọ̀gá ti là sílẹ̀ ni wọ́n ń gbé lé e lọ́wọ́ kó máa dán. Ìka rẹ̀ ń gba orí èjìká àti àgbọ̀n tí ọ̀gá ṣe kọjá lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ọnà tó ń pàdé kò dúró sẹ́yìn gíláàsì. Ní ibùdó iṣẹ́ ọnà tí Fádà Kevin Carroll wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láàárín 1947 sí 1954, Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ agbẹ́gilére láti Ìlá Ọ̀ràngún, tún lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ George Bándélé, ọmọ Àrẹógun tí òun náà jẹ́ agbẹ́gilére. Ìran tó ti wá kò dá a dúró pé kó má kọ́ ọ.

Ìwádìí náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2017, Takeshi Okada àti Kentaro Ishibashi tẹ iṣẹ́ kan jáde láti Japan. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì da àwòrán oníṣẹ́ ọnà kan kọ, kí wọ́n tó ya tiwọn. Àwọn tó da irú àwòrán tí ojú wọn kò mọ̀ rí kọ ya ohun tó kún fún àtinúdá, tí kò sì jọ èyí tí wọ́n dà kọ. Èyí tí ojú ti mọ́ tẹ́lẹ̀ kò ràn wọ́n lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwòkọ máa ń di ẹ̀wọ̀n. Ní 1993, Steven Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn èèyàn fi ọkàn dá ẹranko inú ayé mìíràn. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi àpẹẹrẹ hàn kó ẹ̀yà ara àwọn àpẹẹrẹ náà sínú tiwọn, kódà nígbà tí wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rìn dé ọjà tí wọ́n ti ń ta ère fún àlejò ti rí irú rẹ̀: ogún ère lórí tábìlì kan, ojú kan náà. Ìṣòro mìíràn tún wà. Bó bá jẹ́ àjèjì ni àwòkọ ti ń ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ń dán irú ère tó ń rí látìgbà èwe ń jẹ àǹfààní mìíràn. Ó dà bíi pé orúkọ kan là ń pe nǹkan méjì: àfarawé tó ń tú ọkàn sílẹ̀ àti àfarawé tó ń fún ọwọ́ ní agbára.

Èrò kẹta: àwòfín ni, kì í ṣe àwòkọjá

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta sọ pé ìwò tó jinlẹ̀ fúnra rẹ̀ ti jẹ́ iṣẹ́. John Dewey kọ ọ́ ní 1934 pé òǹwòran tí kò bá tún iṣẹ́ náà dá nínú ọkàn ara rẹ̀ kò tíì rí i. Rowland Abíọ́dún, nínú àwọn ohun tó kọ lórí ẹwà nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá, tọ́ka sí ọ̀rọ̀ méjì tí àwọn baba wa ti ní: ojú ọnà, tó ń mọ bí iṣẹ́ ṣe tò, àti ojú inú, tó ń rí ohun tí kò hàn sí ojú lásán. Ẹni tó ní méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan nǹkan. Ìwádìí Okada àti Ishibashi náà ti èyí lẹ́yìn: kí èèyàn wo àwòrán tó ṣàjèjì fínnífínní ran àtinúdá lọ́wọ́ bíi kíkọ ọ́ dà. Ní 2012, Edward Vessel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn tó ń wo àwòrán. Àwọn apá tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí èèyàn bá ń ronú nípa ara rẹ̀ kò tají fún gbogbo àwòrán, àfi fún èyí tó wú olúkúlùkù lórí jù.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa wà lára aṣọ. Wọ́n parí Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn ní 1929, lórí òkè, pẹ̀lú òpó gìrìwò níwájú. Ìjọba òyìnbó ló kọ́ ọ. Àwọn aládìrẹ wò ó, wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ láfún, wọ́n sì ya àwọn òpó náà sórí aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í sínú aró èlú. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró kò ní wọ̀ ọ́. Àmọ́ wọn ò ya òpó nìkan: ṣíbí ni wọ́n tò sáàárín àwọn òpó náà, wọ́n sì sọ aṣọ náà ní Ìbàdàndùn. Ayàwòrán ilé kò fi ṣíbí síbẹ̀. Ojú tó wò ó ló ti mọ ohun tí yóò mú àti ohun tí yóò fi kún un.

Síbẹ̀, bí wíwò bá tó, àwọn tó ń ṣọ́ mùsíọ́mù ni ì bá jẹ́ ọ̀gá oníṣọ̀nà. Ìwádìí ọpọlọ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí èèyàn ń wò. Kò tẹ̀ lé e délé láti mọ ohun tó ṣe lọ́jọ́ kejì. Ìyá aládìrẹ tó wo Mápó náà sì ti ní ìyẹ́ àti ẹ̀kọ láfún nílé. Ojú rẹ̀ mọ ohun tó lè mú nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ohun tó lè yà.

Èrò kẹrin: ìjà ló ń bí ọmọ

Àwọn kan sọ pé kì í ṣe ayọ̀ ló ń ti èèyàn sí iṣẹ́, bí kò ṣe ìbínú. Harold Bloom, onímọ̀ lítíréṣọ̀ ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé jáde ní 1973 pé ńṣe ni akéwì tó lágbára ń bá àwọn tó ṣáájú rẹ̀ jìjàkadì, tó ń ṣi iṣẹ́ wọn túmọ̀ kí òun lè ráyè.

Ìtàn Nàìjíríà kò ṣaláìní irú rẹ̀. Nígbà tí Kenneth Murray dé ní 1927 láti kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà, ó fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gbé ojú sí iṣẹ́ ìbílẹ̀ wọn. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù ni Ọnàbólú rọ̀ mọ́ ní tirẹ̀, nítorí àwọn kan ti ní adúláwọ̀ kò lè ṣe é. Ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria, lára wọn ni Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn nínú kíláàsì kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọn ò sì sọ ọ́ nù: wọ́n ní àwọn yóò yan èyí tó dára níbẹ̀, àwọn yóò pa á pọ̀ mọ́ ti ilé. Ní ìkọjá òkun, Wifredo Lam, ọmọ Cuba tí ìyá ìsàmì rẹ̀ jẹ́ olórìṣà, lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Spain kó tó pàdé Picasso ní Paris ní 1938. Ó bá ère Áfíríkà níbẹ̀, ní ilé àwọn tí kò mọ òrìṣà. Ó padà sí Cuba ní 1941, ó sì kun La Jungla láàárín ọdún méjì sí i.

Ohun tí èrò yìí ṣe tí àwọn yòókù kò ṣe ni pé ó ṣàlàyé ìdí tí ọmọ iṣẹ́ kò fi jọ ọ̀gá. Àmọ́ ẹni tó bá ti wọ agbo nìkan ló lè jà níbẹ̀. Ẹni tí kò tíì mú búrọ́ọ̀ṣì rí, tó dúró níwájú iṣẹ́ ńlá, kì í bínú. Ẹ̀rù ló máa ń bà á, kó sì ní kí òun jẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọnà aládìrẹ tó ń ti ọwọ́ ìyá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ láìsí ìjà náà kò rí àyè nínú àlàyé yìí.

Èrò karùn-ún: àyè, irinṣẹ́ àti ẹlẹgbẹ́

Èrò ìkẹyìn kò wo inú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí á béèrè ẹni tó ra ọ̀dà. Bí èèyàn bá rí iṣẹ́ tó wú u lórí lónìí, tó sì di oṣù mẹ́fà kó tó rí irinṣẹ́, ìwúrí náà yóò ti tutù. Ní Mbari Mbayo, ọ̀dà wà, yàrá wà, ẹlẹgbẹ́ wà, àwọn kan ń rí owó oṣù nínú ẹgbẹ́ eré, àwọn òyìnbó sì ń ra iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ Buráímọ̀ fi hàn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń lò fún adé ọba ló mú, ó to okùn ìlẹ̀kẹ̀ sórí pátákó pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, ó jẹ́ kí wọ́n yí ojú àti apá èèyàn po bí ìlà. Adé ti wà lójú ọ̀pọ̀ èèyàn láti ìgbà pípẹ́. Pátákó, gọ́ọ̀mù àti ẹni tó ní kó gbìyànjú rẹ̀ ni kò tíì wà pọ̀ níbi kan. Níkẹ Òkúndayé, tó kọ́ àdìrẹ láti ọwọ́ ìyá ìyá àgbà rẹ̀ ní Ògìdì, gba ọ̀nà yìí nígbà tó dá ibùdó sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983: ẹni tó wá wo iṣẹ́ rí ìkòkò aró níbẹ̀.

Agbára èrò yìí ni pé a lè ṣe nǹkan sí i. Ìjọba tàbí òbí kò lè fún ọmọ ní orí. Wọ́n lè fún un ní yàrá àti pẹ́ńsù. Kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀ ni pé kò sọ ìdí tí ẹni méjì nínú yàrá kan náà fi yàtọ̀. Owó náà sì jẹ́ ọ̀rẹ́ tó ń ṣe ìlara. Ní 1973, Mark Lepper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó fẹ́ràn àwòrán yíyà kò yà á tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣèlérí ẹ̀bùn fún wọn lórí rẹ̀. Àwọn alárìíwísí Òṣogbo ti béèrè irú rẹ̀ tipẹ́: ṣé ohun tó wà nínú oníṣọ̀nà ló jáde, àbí ohun tí òǹrajà fẹ́ rí?

Ohun tí kò tíì yanjú

Orí kókó kan ni gbogbo wọn ti pàdé: kò sí èyí tó gbà pé àwòkọjá lásán tó. Irin òòfà ń fẹ́ kí irin kan irin, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń fẹ́ kí ọwọ́ kan igi, àwòfín ń fẹ́ àkókò. Ìjà ń fẹ́ ẹni tó ti wọ agbo, àyè ń fẹ́ ọ̀dà tó wà nítòsí. Lẹ́yìn èyí, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Àkọ́kọ́ ni ti àjèjì àti ti ilé. Ìwádìí ti 2017 gbè sẹ́yìn ohun tí ojú kò rí rí. Ilé agbẹ́gilére àti ilé aládìrẹ gbè sẹ́yìn ohun tí a jí bá. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ ní Òṣogbo tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù kò tíì mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀.

Ìkejì ni ti iye àkókò. Ìwọ̀nba ọjọ́ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Òṣogbo, ọdún ni ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ibi méjèèjì sì mú ọ̀gá jáde. Kò hàn bóyá ohun kan náà ni wọ́n ṣe ní ìyára tó yàtọ̀, tàbí nǹkan méjì ni.

Ìkẹta ni ti fóònù. Iṣẹ́ ọnà tí ọmọ kan ń rí lójú fóònù láàárín wákàtí kan lónìí lè ju èyí tí Ọnàbólú rí lọ́dún kan lọ. Bóyá ọ̀pọ̀ yìí ń tan iná tàbí ó ń pa á, èrò kọ̀ọ̀kan ní ìdí láti sọ tibí, ó sì ní ìdí láti sọ tọ̀hún.

Ìkẹrin ló le jù, òun ni ti àwọn tí a kò kà. Títí tí a ó fi mọ àwọn tó rí, tó yọ̀, tó sì padà sílé láìṣe nǹkan kan, àwọn tó ṣe é yọrí nìkan ni yóò máa jẹ́ ẹlẹ́rìí fún gbogbo èrò wọ̀nyí. Ẹnu irú àwọn tó padà sílé yẹn náà ni "m̀bá" wà nígbà tí wọ́n sọ ilé Dúró Ládiípọ̀ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ ẹni tí nǹkan kò tíì ṣẹlẹ̀ sí ni. Ohun tó ń sọ "m̀bá ṣe" di "mo ti ṣe" ni èrò márààrún ń wá.